Kí a tó fọwọ́ kan páládíọ́ọ̀mù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ìsopọ̀ álíkáìnì

Iṣẹ́ méjì ni mo kọ sílẹ̀ síbí, èkíní ló sì la ọ̀nà fún èkejì. Ohun tí a ń lépa ni ìsopọ̀ Sonogashira: kí a mú phenylacetylene, álíkáìnì kan tí òrùka bẹ́ńsíìnì wà lára rẹ̀, kí a so ó mọ́ òrùka bẹ́ńsíìnì mìíràn tí áyódíìnì wà lára rẹ̀, kí páládíọ́ọ̀mù àti bàbà jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ìdọ̀tí tó máa ń bá a rìn: álíkáìnì méjì á fi òrùka yẹn sílẹ̀, wọ́n á so mọ́ ara wọn. Mo pinnu pé ìdọ̀tí yẹn gan-an ni a ó kọ́kọ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. A ó ṣe é kó mọ́, a ó mọ ooru tó fi ń yọ́, a ó mọ ibi tó máa ń dúró sí lórí àwo TLC (àwo pẹlẹbẹ tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ bí omi ti ń gòkè lára rẹ̀), a ó sì mọ ohun tó ń bí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni a ó wá gbé páládíọ́ọ̀mù jáde nínú fíríìjì. Páládíọ́ọ̀mù wọ́n. Kò yẹ kí a máa ná an lórí ẹ̀kọ́ tí bàbà lè kọ́ wa.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Álíkáìnì ni mólékù tí kábọ̀nù méjì inú rẹ̀ fi ìdè mẹ́ta di ara wọn mú. Nínú irú èyí tí à ń lò, ọ̀kan nínú kábọ̀nù méjèèjì wà ní ìpẹ̀kun, háídrójìn kan ṣoṣo ló sì wà lórí rẹ̀. Háídrójìn yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. pKa rẹ̀, iye tó ń sọ bó ṣe ṣòro tó láti yọ ọ́ kúrò, tó nǹkan bí 25, bẹ́ẹ̀ ámáìnì (kẹ́míkà onínáítrójìn tó ń gba háídrójìn) tí a fẹ́ fi yọ ọ́ kò lágbára ju kó gba háídrójìn lọ́wọ́ ohun tí pKa rẹ̀ wà ní nǹkan bí 10 tàbí 11. Tí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀ lásán, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbà bá ti faramọ́ ìdè mẹ́ta náà, ọwọ́ tí kábọ̀nù fi di háídrójìn mú á dẹ̀, ámáìnì á gbé e lọ, kábọ̀nù á sì dúró lórí bàbà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí ọ́síjìn bá wà nítòsí, irú kábọ̀nù bẹ́ẹ̀ méjì á pàdé lórí bàbà, wọ́n á so pọ̀. Bí ọ́síjìn kò bá sí, tí páládíọ́ọ̀mù tó ti gbé òrùka bẹ́ńsíìnì dání wà níbẹ̀, bàbà á gbé kábọ̀nù náà lé e lọ́wọ́.

Ọ̀nà kìíní ló dàgbà jù. Carl Glaser, ará Jámánì, ló rí i ní 1869: ó ṣe iyọ̀ bàbà láti ara phenylacetylene, ó fi ámóníà àti ọtí sí i, ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ohun tó rí kó jọ ni mólékù méjì tó ti di ọ̀kan. Ní 1882, Adolf von Baeyer mú ìsopọ̀ yìí lọ sídìí aró. Ó so mólékù méjì tí ẹgbẹ́ náítírò wà lára wọn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí Glaser ti ṣe, ó fi sulfuric acid yí i padà, ó sì ṣe é títí ó fi dé orí indigo, mólékù kan náà tó ń mú aró dúdú jáde nínú ewé ẹ̀lú ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo. Kì í ṣe ọ̀nà Baeyer yẹn ni BASF, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà ní Jámánì, gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta indigo àtọwọ́dá ní 1897. Ọ̀nà mìíràn ni, ó sì rọrùn ju ìyẹn lọ. Síbẹ̀, ó máa ń wú mi lórí pé ìsopọ̀ tí mo fẹ́ ṣe nínú fúláàsìkì kékeré yìí ti fara kan ìtàn àdìrẹ rí.

Wàhálà ọ̀nà Glaser ni pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe iyọ̀ bàbà náà jáde lọ́tọ̀, irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ sì léwu bó bá gbẹ: èyí tí wọ́n ṣe láti ara acetylene fúnra rẹ̀ lè bú gbàmù tí nǹkan bá kàn án. Geoffrey Eglinton lo copper acetate nínú pyridine ní 1956. Allan Hay ló wá mú un rọrùn ní 1962. Ó fi TMEDA, ámáìnì kan, sí bàbà díẹ̀, ó ń fi ọ́síjìn sọ bàbà náà dọ̀tun bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì sí iyọ̀ tí ẹnikẹ́ni ní láti gbẹ. Ti Hay ni a tẹ̀ lé.

Ẹ̀rọ ẹja

Láàbù wa kò ní sìlíńdà ọ́síjìn. Kí n tó máa wá a kiri, mo jókòó ṣírò ohun tí iṣẹ́ náà máa gbà. Mólékù phenylacetylene méjì ń gba ìdajì mólékù ọ́síjìn, omi ni wọ́n sì ń tú jáde. Phenylacetylene tí a fẹ́ lò jẹ́ gíráàmù 1.02, ìyẹn mìlímólù 10 (mólù ni a fi ń ka iye mólékù). Ọ́síjìn tó máa gbà jẹ́ mìlímólù 2.5, nǹkan bíi mìlílítà 60. Nígbà tó jẹ́ pé ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ tí kò tó mìlílítà 300 ti ní gbogbo ohun tí a nílò nínú. Igò omi kékeré kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Ohun tó kù ni pé kí afẹ́fẹ́ máa wọ inú iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ láìdúró, nítorí inú acetone, omi tí a fi yòrò wọn, ni bàbà ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe lókè.

Mo ra pọ́ọ̀mpù kékeré tí àwọn tó ń sin ẹja nínú gíláàsì fi ń fẹ́ atẹ́gùn sómi. Ó dára fún irú iṣẹ́ yìí: rọ́bà pẹlẹbẹ kan ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, kò lo ọ́ìlì, nítorí náà kò sí ohun tó máa ba kẹ́míkà jẹ́ nínú atẹ́gùn rẹ̀. Orí tábìlì mìíràn ni mo gbé e sí, jìnnà sí fúláàsìkì, nítorí ooru acetone máa ń gbaná bí ìtapárá lásán bá kàn án. Rọ́bà gígùn ló so wọ́n pọ̀, ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín ló sì gbé atẹ́gùn dé ìsàlẹ̀.

Alàgbà tó ń mójú tó láàbù wọlé, wọ́n wo rọ́bà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí iná bá lọ ńkọ́? Omi yìí á gba inú rọ́bà padà lọ bá ẹ̀rọ rẹ.”

Mo ní, “Òótọ́ ni, sà. Ṣé kí n wá nǹkan dí i?”

“Má dí i rárá. Gbé fúláàsìkì òfìfo sí agbedeméjì. Bí omi bá padà, ibẹ̀ ni kó jókòó sí.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe. Kọ́ńdẹ́ńsà ni a fi sórí fúláàsìkì iṣẹ́, kí acetone má baà bá atẹ́gùn lọ tán, torí 56 °C péré ló fi ń hó. Omi ẹ̀rọ wa kì í ní agbára láti gòkè, nítorí náà pọ́ọ̀mpù kejì ló ń gbé omi yìnyín láti inú kúlà lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà, tó sì ń dá a padà. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, acetone ṣì ń dín. Mo fi gègé sàmì sí ara fúláàsìkì, mo ń bù ú kún un bó bá ti sọ̀kalẹ̀.

Bàbà

Kí n tó fi TMEDA sí ohunkóhun, mo fẹ́ fojú ara mi rí ohun tó wà fún. Mo ṣe díẹ̀ nínú túùbù pẹ̀lú triethylamine, ámáìnì mìíràn, dípò rẹ̀: CuCl (bàbà pẹ̀lú kílóríìnì), triethylamine, phenylacetylene, acetone. Lójú ẹsẹ̀ ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan sílẹ̀, ó pọ́n bí pupa inú ẹyin adìẹ ìbílẹ̀. Iyọ̀ bàbà ti Glaser nìyẹn. Ámáìnì ti gbé háídrójìn lọ, kábọ̀nù ti dúró lórí bàbà, ṣùgbọ́n bàbà ti sá kúrò nínú omi, ó ti di òkúta nísàlẹ̀ túùbù, ọ́síjìn kò sì rí i mú dáadáa. A kò jẹ́ kó gbẹ rárá. Hydrochloric acid tó ti lomi ni a dà sí i títí àwọ̀ náà fi pòórá, inú omi ni a sì ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe sẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kí ẹ wá tẹ́ ẹ sórí pépà kó gbẹ, bó ti wù kó kéré tó.

TMEDA ní náítrójìn méjì, wọ́n sì jìnnà síra tó kí wọ́n lè di bàbà mú lápá méjèèjì. Bàbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò rì sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn, mo sì gbà pé ohun tó ya Hay sọ́tọ̀ sí Glaser kò ju ibẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ gangan: acetone mìlílítà 20, CuCl gíráàmù 0.10, TMEDA mìlílítà 0.15. CuCl tó wà nínú ìgò wa ti pẹ́, ó ti di aláwọ̀ ewé dípò kó funfun, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti sọ lára rẹ̀ di Cu(II), bàbà tó ti pàdánù elékítírọ́ọ̀nù méjì. Fún Sonogashira mi ò ní gbà á. Fún èyí, kò sí ohun tó ṣe é, nítorí Cu(II) náà ni ọ́síjìn máa sọ ọ́ dà kó tó lè so kábọ̀nù méjì pọ̀. Bí atẹ́gùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó gùlùgùlù nínú rẹ̀, ó di àwọ̀ búlúù tó dà pọ̀ mọ́ ewé, ó jinlẹ̀. Nígbà tí phenylacetylene bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú rẹ̀, àwọ̀ náà fà sí ìyeyè díẹ̀, fúláàsìkì sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dẹwọ́, mo jẹ́ kó tutù kí n tó kán òmíràn sí i.

Wọ́n mú iná lọ ní àárín iṣẹ́. Pọ́ọ̀mpù dákẹ́. Omi gòkè nínú rọ́bà, ó sì jókòó sínú fúláàsìkì òfìfo, bí alàgbà ti wí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi dúró ti fúláàsìkì ni àwọ̀ rẹ̀. Ó ń ṣí kúrò lára búlúù díẹ̀díẹ̀, ó ń pọ́n. Álíkáìnì tó kù ń sọ Cu(II) padà di Cu(I), èyí tó pàdánù elékítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, kò sì sí ọ́síjìn tuntun tó máa tún un ṣe. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbà á, tí afẹ́fẹ́ tún wọlé, búlúù padà. Aláró tó bá yọ aṣọ nínú ìkòkò mọ irú ìran bẹ́ẹ̀: aṣọ á jáde ní aláwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sì sọ ọ́ di dúdú lójú ẹni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi àwọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Bí búlúù bá jinlẹ̀ tí kò yí padà mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé a pa pọ́ọ̀mpù fúngbà díẹ̀, álíkáìnì ti tán.

Ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ kò le. A lé acetone kúrò, a da hydrochloric acid tó lomi sí i kó lè kó bàbà àti TMEDA lọ, a sẹ́ ẹ, a fi omi ṣàn án, a wá fi ẹtánọ́ọ̀lù gbígbóná yòrò rẹ̀, a jẹ́ kó tutù láìkánjú. Abẹ́rẹ́ funfun gígùn ló jáde. Ó yọ́ ní 86 °C, ibi tí diphenylbutadiyne, orúkọ ìdọ̀tí wa gan-an, yẹ kó ti yọ́ nìyẹn. Gíráàmù 0.83 ni a rí nínú 1.01 tó yẹ kó jẹ́ bí ohunkóhun kò bá ṣòfò. Lórí infrared, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ìdè inú mólékù, ìlà tó máa ń wà nítòsí 3300, ti háídrójìn orí álíkáìnì, ti lọ pátápátá. Lórí àwo TLC, nínú hexane tí ethyl acetate díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sáré lọ sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dé òkè. Mo fi abẹ́rẹ́ mélòó kan sínú ìgò kékeré, mo kọ “ÌDỌ̀TÍ” sí i lára. Òun ni a ó máa fi wé ohun gbogbo tó ń bọ̀.

Páládíọ́ọ̀mù

Kenkichi Sonogashira pẹ̀lú Tohda àti Hagihara, ní Yunifásítì Ọ̀sákà, ló gbé ìsopọ̀ kejì yìí jáde ní 1975. Kí wọ́n tó dé, Castro àti Stephens ti fi hàn ní 1963 pé iyọ̀ bàbà ti álíkáìnì lè so mọ́ òrùka tó ní áyódíìnì, ṣùgbọ́n ó gba kí èèyàn kọ́kọ́ ṣe iyọ̀ náà lọ́tọ̀, kó sì sè é nínú pyridine. Ní ọdún 1975 kan náà, Cassar, àti Heck pẹ̀lú Dieck, fi páládíọ́ọ̀mù ṣe é láìlo bàbà, àmọ́ ó nílò ooru. Ẹgbẹ́ Sonogashira fi bàbà díẹ̀ sí páládíọ́ọ̀mù díẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ láìdáná sí i. Títí dòní, àwọn tó ń ṣe oògùn kò tíì fi í sílẹ̀. Terbinafine, tí àwọn èèyàn ń fi pa làpálàpá, ní álíkáìnì nínú, irú ìsopọ̀ yìí sì wà lára ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe é.

Mo yan 4-iodonitrobenzene, òrùka bẹ́ńsíìnì tí áyódíìnì àti ẹgbẹ́ náítírò wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ náítírò ń fa elékítírọ́ọ̀nù kúrò lára òrùka, páládíọ́ọ̀mù á lè wọ àárín kábọ̀nù àti áyódíìnì kíákíá. Ìdí mìíràn wà tó ṣe pàtàkì sí mi jù: ohun tó máa jáde ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì máa ń rìn lọ́ra lórí TLC, nígbà tí ìdọ̀tí wa ń sáré. Wọn kò ní dà pọ̀ mọ́ra lójú.

Ìwọ̀n rẹ̀: iodonitrobenzene gíráàmù 0.50 (mìlímólù 2), phenylacetylene mìlílítà 0.26 (mìlímólù 2.4), PdCl2(PPh3)2 (páládíọ́ọ̀mù wa) mìlígíráàmù 14, CuI (bàbà pẹ̀lú áyódíìnì) mìlígíráàmù 8, THF (omi tí a fi yòrò wọn) àti triethylamine. CuI gbọ́dọ̀ funfun; tó bá ti pọ́n bíi kọfí, áyódíìnì ti tú sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì ló gba ọgbọ́n. Ohun tó sún mọ́ wa jù ni náítrójìn tí wọ́n ń fẹ́ sínú táyà mọ́tò. A gbà á sínú bàlúùnù, a fi ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Ìdajì kejì, ágọ́nì ni a fi ṣe é, lọ́wọ́ ẹni tó ń jó irin sítéènì fún ọwọ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n náà béèrè ohun tí a fẹ́ fi ṣe, mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní, “Ohun kan náà ni: ẹ ò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ kàn án kó tó jinná.” Wọ́n gbà á tán. Bí ágọ́nì wọn kò bá mọ́, ojú ìjó á dúdú, oníbàárà kò ní gbà á. Náítrójìn táyà kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ṣì wà nínú rẹ̀, táyà kò ní mọ̀. Ágọ́nì tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, 40 sí 29, ó máa ń jókòó sínú fúláàsìkì dáadáa. A jẹ́ kí gáàsì kọ̀ọ̀kan hó nínú THF àti triethylamine fún ìdajì wákàtí kí a tó fi kẹ́míkà sí i, nítorí ọ́síjìn tó ti yòrò sínú omi kì í jáde lọ fúnra rẹ̀.

Méjèèjì ṣiṣẹ́. Iyọ̀ funfun ti triethylamine sílẹ̀ nínú méjèèjì, èyí tó ń sọ fún wa pé háídrójìn àti áyódíìnì ti ń kúrò. Àwo TLC ló ya wọ́n sọ́tọ̀. Nínú èyí tí a fi náítrójìn táyà ṣe, àmì dúdú kan wà lókè tó ki, ní ibi tí ìgò “ÌDỌ̀TÍ” dúró sí gẹ́lẹ́, iodonitrobenzene sì ṣẹ́kù. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Phenylacetylene tí a fi lé e jẹ́ mìlímólù 0.2 péré nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ìdọ̀tí kan ń jẹ álíkáìnì méjì. Bó bá ti kọjá mìlímólù 0.1, álíkáìnì kò ní kárí mọ́, àwọn òrùka tó kù á kàn dúró láìrí ẹni so mọ́. Ti ágọ́nì mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a sẹ́ ẹ gba inú sílíkà, ìyeyè tó jáde yọ́ ní 119 °C. Ìyẹn la kà sí àṣeyọrí, òun náà la sì fi iye lé: nínú ohun tó yẹ kí ìdajì iṣẹ́ náà fún wa, ìdá 87 nínú 100 ló wọlé.

Àmì tí kò lọ

Nínú ti ágọ́nì náà, àmì kékeré kan ṣì wà lókè. Ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ti mọ́ mi lára. Akẹgbẹ́ mi kan ní kí n tún bàlúùnù dì, pé afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọlé. Mo sọ fún un pé kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Páládíọ́ọ̀mù tí a fi síbẹ̀ jẹ́ Pd(II), èyí tó ti pàdánù elékítírọ́ọ̀nù méjì. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni Pd(0), tí kò pàdánù ìkankan. Ta ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀? Álíkáìnì fúnra rẹ̀ ni. Bàbà á gbé álíkáìnì méjì wá sórí Pd(II), wọ́n á so pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, Pd(0) á sì ṣẹ́kù. Ìyẹn ni pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, páládíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ti ní láti ṣe ìdọ̀tí kan. Páládíọ́ọ̀mù wa jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà ìdọ̀tí tí kò ní ṣaláì wà kò ju mìlígíráàmù mẹ́rin lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, méjì nínú ìdajì kọ̀ọ̀kan. Mo wọn nǹkan bíi mìlígíráàmù méjì nínú ìgò wa, mo yòrò rẹ̀ sínú ìwọ̀n omi kan náà, mo kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti iṣẹ́ ágọ́nì lórí àwo kan ṣoṣo. Àmì méjèèjì fúyẹ́ bákan náà.

Nítorí náà, a kò tún bàlúùnù dì. Fún èyí tó kàn, ohun méjì ni a máa yí padà. A ó máa kán phenylacetylene sí i díẹ̀díẹ̀ dípò ká da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, nítorí bí álíkáìnì bá kéré nínú omi, ìpàdé wọn pẹ̀lú ara wọn á ṣọ̀wọ́n. A ó sì gbìyànjú Pd(PPh3)4, tó ti jẹ́ Pd(0) láti inú ìgò rẹ̀ wá. Afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́ kíákíá, nítorí náà mo ti bá ẹ̀gbọ́n tó ń jó irin sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi ágọ́nì pa mọ́ fún wa kí sìlíńdà tó tán.